Omi Tó Ń Jò ní Ìdí Òpó Ọkọ̀ Ìgbòkun: Ẹ Mọ Ọ̀nà Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Dí I

Bí omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í jò ní ìdí òpó ọkọ̀ ìgbòkun, ohun tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ni ọkọ̀ máa ń sáré ṣe ni pé kí wọ́n ra gọ́ọ̀mù, kí wọ́n fi yí òpó ká níbi tó ti wọ dẹ́ẹ̀kì, kí wọ́n sì máa retí òjò. Òjò á rọ̀, omi á tún jò, wọ́n á tún fi gọ́ọ̀mù tuntun lé ti àná lórí. Ohun tí mo fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ nínú orí ìwé yìí ni pé ìdí òpó wulẹ̀ jẹ́ ibi tí omi ti ń yọjú ni. Ibi tó ti wọlé lè wà ní ṣóńṣó òpó lókè réré, ó sì lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ níbi tí ojú kò lọ. Ẹni tó bá ti gbé ilé onípáànù rí mọ bó ṣe máa ń rí: ìṣó tó tú wà lókè pálọ̀, omi á tọ igi àjà lọ, á wá máa kán sórí bẹ́ẹ̀dì ní yàrá. Ti ọkọ̀ tún ní ìṣòro kan tí ti ilé kò ní. Nínú omi tó ń dé ìdí òpó, apá kan wà tó yẹ ká dí ọ̀nà rẹ̀, apá kan sì wà tí kò ṣeé dí rárá, tó jẹ́ pé ọ̀nà àtijáde ni ká là fún un. Ẹni tí kò bá ya méjèèjì sọ́tọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lè dí èyí tó yẹ kó ṣí sílẹ̀, ọkọ̀ rẹ̀ á sì burú ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà gbé òpó ró. Nínú ti àkọ́kọ́, òpó máa ń gba ihò kan kọjá lójú dẹ́ẹ̀kì, á la yàrá ọkọ̀ já, á sì lọ jókòó lókè kíìlì, apá wíwúwo tó wà lábẹ́ ọkọ̀, nísàlẹ̀ pátápátá. Bẹ́ẹ̀ ni J/24 rí, ọkọ̀ ìdíje tí Rod Johnstone ya àwòrán rẹ̀, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 1977, tí èyí tí wọ́n ti kọ́ sì lé ní 5,000. Nínú ti ìkejì, orí dẹ́ẹ̀kì ni òpó jókòó sí, òpó kúkúrú mìíràn sì wà nínú yàrá lábẹ́ rẹ̀ tó ń gba ẹrù náà sọ̀ kalẹ̀. Irú èyí ni Catalina 30 tí Frank Butler ṣe, tí wọ́n kọ́ láti 1974 títí di 2008. Mo mú àwọn méjì yìí nítorí pé wọ́n pọ̀ lọ́jà àlòkù ní Amẹ́ríkà, iye tí wọ́n ń ta ọ̀pọ̀ wọn kò sì ju ti mọ́tò tòkunbọ̀ lọ, nítorí náà wọ́n wà lára ọkọ̀ tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ní ọkọ̀ tirẹ̀ lè bá pàdé. Ọ̀pọ̀ wọn ti lo 40 ọdún nínú oòrùn àti òjò. Kò sí rọ́bà tàbí gọ́ọ̀mù ilé iṣẹ́ tó ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Lára òpó tó gba ojú dẹ́ẹ̀kì kọjá, ọ̀nà mẹ́rin ni omi lè gbà. Àkọ́kọ́ ni èyí tí gbogbo ènìyàn ń fura sí: àlàfo tó wà láàárín òpó àti etí ihò dẹ́ẹ̀kì. Rọ́bà kan ni wọ́n fi ń bò ó, wọ́n á fi kílíìpù fún un mọ́ òpó lókè, wọ́n á sì fi òmíràn fún un mọ́ ọrùn ihò nísàlẹ̀. Rọ́bà ọrùn òpó ni mo máa pè é. Oòrùn á mú un gan, á sán wẹ́wẹ́ níbi tó ti ká, omi á sì wọlé. Ìkejì ni ihò gbọọrọ tó wà lẹ́yìn òpó, èyí tí etí ìgbòkun ńlá máa ń rìn nínú rẹ̀. Kílíìpù máa ń na rọ́bà kọjá lórí ihò yìí ni, kì í tẹ̀ ẹ́ wọ inú rẹ̀, nítorí náà bí rọ́bà bá tiẹ̀ jẹ́ tuntun, omi á gba ẹ̀yìn rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìkẹta ni inú òpó gan-an. Òpó alumíníọ́mù ṣófo. Lókè rẹ̀ ni àwọn púlì tí okùn ìgbòkun ń yí lé lórí wà, wọ́n sì ṣí sí ojú ọ̀run. Lára rẹ̀ nísàlẹ̀ ni àwọn ojú ihò tí okùn ń gbà jáde wà. Òjò ń gba gbogbo ibẹ̀ wọlé, á sì bá inú òpó lọ títí dé ìjókòó rẹ̀. Kò sí ohun tí a lè lẹ̀ mọ́ ojú dẹ́ẹ̀kì tó máa dá omi yìí dúró, nítorí pé ó ti kọjá dẹ́ẹ̀kì kó tó jáde.

Ìkẹrin ló máa ń tan ènìyàn jẹ jù: inú dẹ́ẹ̀kì fúnra rẹ̀. Dẹ́ẹ̀kì ọ̀pọ̀ ọkọ̀ fáíbà kì í ṣe fáíbà látòkè délẹ̀. Awẹ́ fáíbà méjì tẹ́ẹ́rẹ́ ni, tí wọ́n fi igi fúyẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní balsa sí láàárín kí dẹ́ẹ̀kì lè le láìwúwo. J/24 wà lára àwọn tí wọ́n fi balsa kọ́. Wọ́n máa ń gé balsa yìí sí wẹ́wẹ́ kó lè tẹ̀ mọ́ ìrísí dẹ́ẹ̀kì, àlàfo tó sì wà láàárín wẹ́wẹ́ kan àti èkejì, bí àtè fáíbà kò bá kún un dáadáa nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọkọ̀, á di ojú ọ̀nà omi. Bóòtù tó tú lára irin ìdìmú ẹ̀gbẹ́ dẹ́ẹ̀kì, tàbí lára púlì tó wà nítòsí òpó, lè gba omi wọlé. Omi náà á máa rìn díẹ̀díẹ̀ láàárín awẹ́ méjèèjì títí tó fi máa kan ihò òpó. Bí wọn kò bá fi àtè dí etí igi balsa níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gé ihò náà, ibẹ̀ ni omi á ti máa kán. Ẹni tó wà nínú yàrá á rí i tó ń kán lára òpó, á sì búra pé rọ́bà ló já.

Ohun èlò ìwádìí tó dára jù níbí ni tíṣù. Ẹ yí tíṣù gbígbẹ mọ́ òpó nínú yàrá ọkọ̀, gẹ́rẹ́ lábẹ́ dẹ́ẹ̀kì, kí ẹ fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ so ó. Ẹ yí òmíràn mọ́ ọn nísàlẹ̀, ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sókè ìjókòó òpó. Ẹ nu ìjókòó náà gbẹ, kí ẹ wá dúró de òjò. Bí tíṣù òkè bá rin, ara òpó lóde ni omi ń tọ̀ wá: rọ́bà, ihò gbọọrọ ẹ̀yìn òpó, tàbí inú dẹ́ẹ̀kì ni ká fura sí. Bí tíṣù méjèèjì bá gbẹ, tí omi sì wà ní ìjókòó òpó, inú òpó ló ti wá, kò sì sí ẹjọ́ kankan lọ́rùn rọ́bà. Bí ti òkè bá gbẹ tí ti ìsàlẹ̀ rin, ẹ wo ibi tí wáyà iná ti jáde lára òpó nínú yàrá, omi ń tẹ̀lé wáyà yẹn jáde ni. Láti ya rọ́bà sọ́tọ̀ kúrò lára dẹ́ẹ̀kì, ẹ fi ọ̀rá di rọ́bà ọrùn òpó láti òkè kílíìpù títí dé ojú dẹ́ẹ̀kì, kí ẹ fi téèpù lẹ̀ ẹ́ yípo, kí ẹ sì fi àmọ̀ ìṣeré ọmọdé dí ihò gbọọrọ ẹ̀yìn òpó níbi tí ọ̀rá náà ti bẹ̀rẹ̀. Bí òjò mìíràn bá rọ̀ tí tíṣù òkè ṣì rin, dẹ́ẹ̀kì ni ọ̀daràn.

Àwọn ẹ̀rí mìíràn wà tí kò gba wàhálà. Ẹ gba ẹ̀kán omi kan sórí gíláàsì kó tó bọ́ sínú ìdọ̀tí ikùn ọkọ̀, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ. Bó bá fi iyọ̀ funfun sílẹ̀, omi òkun tó ń ta sórí dẹ́ẹ̀kì ló wọlé. Bí kò bá fi nǹkan kan sílẹ̀, omi òjò ni. Bí omi bá ń wá nígbà òjò nìkan, tí ọkọ̀ sì wà ní ìdákọ̀ró jẹ́ẹ́, inú òpó ni kí ọkàn yín kọ́kọ́ lọ. Bó bá ń kán títí di ọjọ́ kejì lẹ́yìn tí òjò ti dá, balsa tó ti mu omi yó ló ń tú u jáde díẹ̀díẹ̀, nítorí rọ́bà, àti òpó tí ihò ìjáde rẹ̀ kò dí, kò ní ibi tí wọ́n lè tọ́jú omi pamọ́ sí pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi họ́òsì dán an wò dípò òjò, ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa gòkè. Ojú dẹ́ẹ̀kì ni ẹ máa kọ́kọ́ rin, lẹ́yìn náà ọrùn ihò, lẹ́yìn náà rọ́bà, kó tó kan ara òpó. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ látòkè á rin gbogbo nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì ní mọ èyí tó jò. Ẹ lo tó 20 ìṣẹ́jú ní ojú kan kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, kí ẹnì kejì wà nínú yàrá pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ìwádìí yìí ti pọ̀ jù, pé gọ́ọ̀mù kò wọ́n, kí wọ́n kọ́kọ́ fi dán an wò ná. Ọ̀rọ̀ náà dà bí òótọ́, àmọ́ kì í ṣe owó gọ́ọ̀mù ni ká ṣírò, iṣẹ́ tí gọ́ọ̀mù náà máa dá sílẹ̀ ni. Sílíkọ́ọ̀nù tí wọ́n ń tà káàkiri máa ń fi epo kan sílẹ̀ lójú fáíbà tí gọ́ọ̀mù tàbí ọ̀dà mìíràn kì í fẹ́ lẹ̀ mọ́ mọ́, bí a bá tiẹ̀ ti fá a kúrò. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní 3M 5200 ní tirẹ̀ lẹ̀ débi pé bí a bá fẹ́ tú ohun tí a fi lẹ̀, awọ dídán ojú fáíbà lè bá a lọ. Ohun tí kò ní tú láéláé la fi ń lẹ̀, òpó sì jẹ́ ohun tó gbọ́dọ̀ ṣeé yọ. Yàtọ̀ sí èyí, òpó kì í dúró gbagidi nínú ihò rẹ̀. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá tẹ ìgbòkun, òpó á mì díẹ̀, gọ́ọ̀mù tó bá sì ti le á ya kúrò lára òpó ní ojú kan tí kò hàn. Èyí tó burú jù ni pé gọ́ọ̀mù tí a fi dí etí ihò láti inú yàrá á há omi tó wà nínú dẹ́ẹ̀kì mọ́bẹ̀. Kíkán á dúró, inú ẹni á dùn, balsa á sì máa jẹrà lókè orí ẹni láìsí ariwo. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa lápálápá.

Bí ìwádìí bá wá fi hàn pé rọ́bà ló jẹ̀bi lóòótọ́, iṣẹ́ náà kò le, ó kàn fẹ́ sùúrù ni. Ẹ tú rọ́bà àtijọ́ dànù, kí ẹ fá gbogbo gọ́ọ̀mù tó wà lára òpó àti ọrùn ihò títí tí alumíníọ́mù á fi mọ́ lójú. Ẹ wo àwọn pátákó kéékèèké tí wọ́n fi há òpó mọ́ ihò: bí èyíkéyìí bá tú tàbí tó jẹrà, ẹ kọ́kọ́ tún un ṣe, nítorí òpó tó ń gbá kiri nínú ihò á já rọ́bà tuntun láìpẹ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ dojú kọ ihò gbọọrọ ẹ̀yìn òpó. Ẹ gé rọ́bà líle tó bá ihò náà mu, kí gígùn rẹ̀ tó ìka mẹ́ta, kí ẹ fi téèpù bútílì, irú èyí tó rọ̀ tó ń fà bí a bá tẹ̀ ẹ́, bò ó yípo, kí ẹ sì tì í wọ inú ihò ní ọ̀gangan ibi tí kílíìpù òkè máa wà. Ojú ihò yìí gbọ́dọ̀ tẹ́jú pẹ̀lú ara òpó nígbà tí ẹ bá ṣe tán, kí ìka lè gba orí rẹ̀ kọjá láìkọsẹ̀. Mo tẹnu mọ́ ọn nítorí pé níbí ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó dára ti ń bàjẹ́: wọ́n á ra rọ́bà tó lówó lórí, wọ́n á fi kílíìpù méjì fún un, omi á sì máa gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá bí ìgbà tí kò sí rọ́bà rárá.

Ní ti rọ́bà náà, EPDM ni mo fara mọ́, irú èyí tí wọ́n ń tẹ́ sórí òrùlé pẹrẹsẹ àti sí ìdí adágún ọgbà, nítorí pé oòrùn kì í tètè pa á. Túúbù táyà lọ́rì tí àwọn fọkanáísà ń lò náà ń ṣiṣẹ́, ó sì wúlò gan-an bí òpó bá wà nílẹ̀ tí a lè ki odindi túúbù bọ̀ ọ́ láìsí ojú ìdàpọ̀, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tó EPDM, pàápàá lábẹ́ irú oòrùn Èkó. Bí a ṣe ń wọ̀ ọ́ ló ṣe pàtàkì. Ẹ wọ rọ́bà náà sí òpó ní ìdojúdé, kí inú rẹ̀ wà lóde, kí apá tó máa bo dẹ́ẹ̀kì sì dúró sókè. Ẹ fi kílíìpù fún etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́ òpó dan-in dan-in. Ẹ wá yí rọ́bà náà wálẹ̀ sórí ara rẹ̀ kó bo kílíìpù yẹn mọ́lẹ̀, kí ẹ sì fi kílíìpù kejì fún etí rẹ̀ kejì mọ́ ọrùn ihò dẹ́ẹ̀kì. Báyìí, kílíìpù òkè ti wà ní ìpamọ́ lábẹ́ rọ́bà, omi tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ lára òpó á kan ibi tí rọ́bà ti ká, á sì yà sórí dẹ́ẹ̀kì. Bí òpó bá wà lóòró tó jẹ́ pé rọ́bà pẹrẹsẹ ni ẹ fẹ́ yí mọ́ ọn, ẹ jẹ́ kí ojú ìdàpọ̀ kọjú sí ẹ̀yìn ọkọ̀, kó yà díẹ̀ kúrò ní ọ̀gangan ihò gbọọrọ, kí ó sì gun ara rẹ̀ tó ìka mẹ́rin. Ẹ rán kánfáàsì bò ó lẹ́yìn náà. Kánfáàsì yẹn kì í dí omi, oòrùn ló ń dí, òun ló sì ń sọ ọjọ́ ayé rọ́bà di púpọ̀.

Ẹni tó ti kà nípa Spartite lè bi mí pé ṣé kò sàn kéèyàn lò ó kó sì bọ́ lọ́wọ́ gbogbo èyí. Àdàpọ̀ olómi méjì ni, tí wọ́n ń dà sí àlàfo tó wà láàárín òpó àti ihò dẹ́ẹ̀kì, tó sì máa ń dì di rọ́bà líle tó bá àlàfo náà mu gẹ́gẹ́. Ohun tó dára ni, pàápàá fún dídi òpó mú, ó sì sàn ju pátákó lọ níbẹ̀ nítorí pé gbogbo ara ihò ló ń pín ẹrù náà. Ṣùgbọ́n òpó gbọ́dọ̀ ti wà ní ipò tó tọ́ kí a tó dà á, a gbọ́dọ̀ fi fasilíìnì pa etí ihò kó má baà lẹ̀ mọ́ dẹ́ẹ̀kì títí láé, a sì gbọ́dọ̀ dí abẹ́ rẹ̀ dáadáa kó má baà ya wọ inú yàrá. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, ọ̀nà àkọ́kọ́ nínú mẹ́rin tí mo kà ló dí, pẹ̀lú ìkejì bí ó bá kún inú ihò gbọọrọ náà. Omi tó wà nínú òpó kò kàn án. Bí etí balsa bá sì ṣí sílẹ̀ nínú ihò náà nígbà tí ẹ ń dà á, ẹ ti fi ọwọ́ ara yín há omi mọ́ dẹ́ẹ̀kì nìyẹn.

Nípa omi inú òpó, ìmọ̀ràn mi yàtọ̀ pátápátá: ẹ má bá a jà. Ìjókòó òpó gbọ́dọ̀ ní ihò tí omi ń gbà jáde, ihò náà gbọ́dọ̀ wà ní ibi tó rẹlẹ̀ jù, kó sì mọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mùkúmùkú okùn, ìyẹ̀fun alumíníọ́mù tó ti jẹ àti ìdọ̀tí ẹyẹ máa ń dí i, omi á wá máa ga sókè nínú òpó títí á fi rí ihò wáyà tó máa gbà ya wọ yàrá. Ẹ fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ro ihò náà, kí ẹ wo bí omi ṣe ń tọ ikùn ọkọ̀ lọ síbi tí pọ́ǹpù wà. Níbi tí wáyà iná ti ń jáde lára òpó, ẹ jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ kọjá ojú ihò náà kó tó tún gòkè lọ sí ibi tí a ti so ó, kí omi tó bá tẹ̀lé e lè kán sílẹ̀ níbi tó rẹlẹ̀ jù, kí ó má baà dé ojú ìdàpọ̀ iná. Àwọn kan á béèrè pé ṣé a kò lè fi fóòmù dí inú òpó lókè dẹ́ẹ̀kì, ká lu ihò sí i níbẹ̀ kí omi máa dà sórí dẹ́ẹ̀kì. Ó ṣeé ṣe, àwọn kan tó ń ṣe òpó sì máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Ṣùgbọ́n fóòmù máa ń mu omi iyọ̀, á sì mú un dúró ti alumíníọ́mù. Bí ihò náà bá dí, omi á dúró nínú òpó lókè ibi tí ẹnikẹ́ni ti lè rí i. Ní Scotland tàbí Maine, omi tó dúró bẹ́ẹ̀ á di yìnyín nígbà òtútù, yìnyín sì máa ń fẹ̀ ju omi lọ ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100. Òpó alumíníọ́mù ti là nípa bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀kán omi díẹ̀ nínú ikùn ọkọ̀ kò burú tó ìyẹn.

Fún òpó tó jókòó sórí dẹ́ẹ̀kì, irú ti Catalina 30, òfin náà kò yí padà, àmọ́ ewu rẹ̀ le jù. Omi inú òpó kò ní ikùn ọkọ̀ tó lè ṣàn lọ, nítorí náà bí kò bá sí ihò ìjáde ní ìdí òpó lójú dẹ́ẹ̀kì, á gba ihò wáyà tàbí ihò bóòtù sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrá. Ẹ rí i dájú pé ihò yẹn wà, ó sì ṣí. Bí wáyà bá gba àárín ìjókòó òpó wọlé, kí páìpù kúkúrú gbé ojú ihò rẹ̀ sókè ju ibi tí omi lè dé lọ. Àwọn bóòtù ìjókòó òpó ni kí ẹ fi ọkàn sí jù. Omi tó bá gba ẹ̀gbẹ́ wọn wọlé á ba igi tó wà nínú dẹ́ẹ̀kì níbẹ̀ jẹ́, orí igi yẹn gan-an sì ni òpó tẹ̀ mọ́ pẹ̀lú ẹrù tó lè tó ìwúwo odindi ọkọ̀ náà nígbà tí afẹ́fẹ́ bá le. Ẹ̀rí ìbàjẹ́ náà máa ń hàn kó tó di ewu, bí a bá mọ ibi tí a ó wò: dẹ́ẹ̀kì á rì díẹ̀ yí ìdí òpó ká tí omi á fi máa dúró síbẹ̀, ojú fáíbà á sán, ilẹ̀kùn yàrá tó wà nítòsí òpó abẹ́ dẹ́ẹ̀kì á máa há, okùn irin ẹ̀gbẹ́ òpó á sì máa dẹ̀ léraléra bí ẹ bá tiẹ̀ ń fún un. Bí ẹ bá rí méjì nínú ìwọ̀nyí pa pọ̀, ẹ má ta ìgbòkun mọ́ títí oníṣẹ́ á fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Títún inú dẹ́ẹ̀kì ṣe ló gba àkókò jù, àmọ́ òun ni iṣẹ́ tí kò ṣeé fò. Ẹ fi ẹ̀yìn skúrùdíráfà kan dẹ́ẹ̀kì yí òpó ká: ibi tó le á dún ketekete, ibi tó ti jẹrà á dún bòmù. Ẹ fi lẹ́ẹ̀dì sàmì sí ààlà rẹ̀. Bí ìbàjẹ́ náà kò bá ju yíká ihò bóòtù kan lọ, ẹ yọ bóòtù náà, kí ẹ fi dírílì fẹ ihò sí i, kí ẹ fi irin títẹ̀ ha balsa tó wà ní àyíká rẹ̀ láàárín awẹ́ méjèèjì jáde, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa. Àtè epoxy olómi ni kí ẹ kọ́kọ́ fi pa á kó lè wọ ara igi, lẹ́yìn náà èyí tí ẹ ti po pẹ̀lú ìyẹ̀fun sílíkà títí tó fi ki ni kí ẹ fi kún un. Nígbà tó bá le, ẹ lu ihò bóòtù gba àárín rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, bí gọ́ọ̀mù bóòtù bá tiẹ̀ já, omi kò ní rí igi tó máa mu. Ihò òpó náà ni kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún: ẹ ha etí balsa wọlé tó ìbú ìka méjì yípo, kí ẹ fi epoxy tó ki dí i. Bí ó bá jẹ́ pé balsa ti rà lọ jìnnà, gígé awẹ́ òkè kúrò, pípààrọ̀ igi àti títún fáíbà tẹ́ ni ọ̀nà àbáyọ. Lábẹ́ òpó tó jókòó sórí dẹ́ẹ̀kì, ẹ má fi balsa rọ́pò ohun tí ẹ yọ. Fáíbà tó dì látòkè délẹ̀ tàbí epoxy tó ki ni kó wà níbẹ̀, ìwúwo rẹ̀ kò tó nǹkan, kì í sì í jẹrà.

Àtakò kan ṣì kù tí mo máa ń gbọ́ jù: pé ọkọ̀ wà lórí omi, omi díẹ̀ nínú ikùn rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀sùn, pọ́ǹpù á fà á. Òótọ́ ni fún omi tó rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù. Omi tó bá dúró ní ìdí òpó ni ọ̀rọ̀ wà lé lórí. Níbi tí alumíníọ́mù bá ti fara kan irin sitéńlẹ́ẹ̀sì nínú omi iyọ̀, alumíníọ́mù ni irin kejì máa ń jẹ, a ó sì máa rí ìyẹ̀fun funfun níbẹ̀. Òpó lè dán lókè kí ìdí rẹ̀ ti fẹ́lẹ́. Nítorí náà, nígbà tí òpó bá wà nílẹ̀, ẹ wo ìdí rẹ̀ ní ìmọ́lẹ̀, kí ẹ fi ọ̀bẹ ha ìyẹ̀fun náà kúrò títí ẹ ó fi kan irin tó dára. Ibi tó bá ti jẹ jìnnà, wọ́n lè gé e kúrò, kí wọ́n sì fi nǹkan gbé ìjókòó òpó sókè ní ìwọ̀n tí wọ́n gé. Ẹ fi Tef-Gel, ìyẹn gírísì tí kì í jẹ́ kí irin kan jẹ èkejì, tàbí ọ̀rá inú irun àgùntàn (lanolin) sí gbogbo ojú skúrù sitéńlẹ́ẹ̀sì tó wọ ara alumíníọ́mù kí ẹ tó dá a padà.

Rọ́bà, ihò ìjáde, wáyà àti bóòtù kan ṣoṣo tí kò ru ẹrù, ẹni tó ni ọkọ̀ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe wọ́n. Ìjókòó òpó, òpó abẹ́ dẹ́ẹ̀kì àti irin tí okùn irin ẹ̀gbẹ́ so mọ́, ẹ pe oníṣẹ́ tó mọ̀ nípa òpó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe tú okùn irin kankan tàbí bóòtù ìjókòó òpó nígbà tí òpó ṣì wà lóòró láìsí kíréènì tó dì í mú. Òpó tó ṣubú kì í yan ẹni tó máa pa. Bí ẹ bá ti parí iṣẹ́, ẹ fi tíṣù méjèèjì padà sára òpó fún òjò méjì tàbí mẹ́ta tó tẹ̀lé e, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé ọkọ̀: ọjọ́ tí ẹ pààrọ̀ rọ́bà, irú gọ́ọ̀mù tí ẹ lò, ibi tí dẹ́ẹ̀kì ti dún bòmù àti bí ààlà rẹ̀ ṣe tó. Ọkọ̀ fáíbà máa ń pẹ́ ju ẹni tó ń lò ó lọ, ẹni tó bá sì rà á lọ́wọ́ yín máa nílò ìwé yẹn.